Àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń gbá ẹ̀yìn yìí, ta ló máa tọ́jọ́ nínú wọn?

Kóòṣì_Apáta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù níbí ní Apáta. Alága wa tó ń ra bọ́ọ̀tù, tó tún ń sanwó mọ́tò, ti pè mí jókòó pé agbára òun kò gbé e mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní nínú àwọn mẹ́rin tó ń gbá ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn difẹ́ńdà wa, kí n mú méjì tí òun á náwó lé lórí fún ọdún méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀, kí n bá àwọn méjì yòókù wá ibòmíràn. Kì í ṣe ẹni tó dára jù lónìí ló ní kí n mú wá o. Ẹni tó máa di agbábọ́ọ̀lù gidi lẹ́yìn ọ̀la ló ń béèrè.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ kankan. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jẹ́ẹ̀sì wọn ni màá fi pè wọ́n.

Nọ́ńbà 5, ọmọ ọdún 17. Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a fò sókè tó ń rí bọ́ọ̀lù yẹn gbá. Àmọ́ tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀, kó tó yí padà, ẹni tó ń ṣọ́ ti lọ.

Nọ́ńbà 2, ọmọ ọdún 16. Kò ga, kò sanra. Jẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á máa fẹ́ lára rẹ̀ ni. Mi kì í sábàá rí i kó fi ara wọ́lẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, torí pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ibi tó ń lọ, ó ti wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà 3, ọmọ ọdún 18, ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀, ó sì mọ bọ́ọ̀lù í gbá wọnú bọ́kìsì. Inú fùfù ni ìṣòro rẹ̀. Káàdì ń rọ̀ lé e lórí.

Nọ́ńbà 14, ọmọ ọdún 16. Iwájú ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ló ṣèṣe tí mo fi fà á sẹ́yìn, mi ò sì dá a padà láti ìgbà náà. Ó ń ṣe àṣìṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kó ṣe irú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bá mi sọ ọ́. Ta ni ẹ máa mú?

Ọmọ_Adámásingbà

Ẹ̀gbọ́n, èyí kò le rárá. Nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 3, ó parí. Àwọn àgbà wa ló ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ọmọ ọdún 16 ni Paolo Maldini, difẹ́ńdà ọmọ Ítálì, nígbà tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún AC Milan ní 1985. Ọdún 2009 ló tó fẹ̀yìn tì, kò sì gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn rí. Ẹni tó máa dára, ojú á ti rí i.

Ẹ tún wo líìgì tiwa náà. Tí ẹgbẹ́ kan bá lọ gbá níta, bọ́ọ̀lù gíga ni wọ́n á máa rọ̀ sínú bọ́kìsì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kí ni nọ́ńbà 2 fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Gbogbo ìgbà tí 3SC, ìyẹn Shooting Stars wa, bá gbá nílé ni mo máa ń wà ní pápá Lekan Salami. Orúkọ difẹ́ńdà tó bá fi orí gbá bọ́ọ̀lù jáde lójú gólì ni àwọn èrò máa ń pè.

Bàbá_Òkè_Àdó

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Àbúrò mi láti Adámásingbà, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n iwájú ni òwe yẹn ti wúlò. Kò bá ẹ̀yìn mu.

Ọmọ tó bá mọ gólì í gbá, o lè rí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Gólì ò ṣeé fi pamọ́. Iṣẹ́ ẹ̀yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: bọ́ọ̀lù tí wọn ò rí gbà, àyè tí wọn ò rí wọ̀. Ta ló ń ka ìyẹn? Nígbà tí IICC, orúkọ tí 3SC ń jẹ́ nígbà náà, gba ife Cup Winners ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal. Títí dòní ni wọ́n ń pe orúkọ wọn. Lọ béèrè àwọn tó gbá ẹ̀yìn nínú ìdíje náà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Mọ́kọ́lá, kó o wo iye ẹni tó máa dá ẹ lóhùn.

Virgil van Dijk, difẹ́ńdà tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16 ní Willem II nílẹ̀ Netherlands, ọmọ kékeré tó ń gbá ráìtì báàkì, ìyẹn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ni. Wọn ò rí nǹkan kan pàtàkì lára rẹ̀. Ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Breda kó lè rí owó sápò. Ìgbà tó yá ló ga sókè lójijì. Ní 2010, Groningen mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Celtic rà á ní 2013, Southampton ní 2015, ó sì ti pé ọmọ ọdún 26 kí Liverpool tó san mílíọ̀nù 75 owó pọ́n-ùn lé e lórí ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín. Tó bá jẹ́ pé àtamátàsé ni, wọn ò ní dúró tó bẹ́ẹ̀.

William Saliba, difẹ́ńdà ọmọ Faransé, náà ńkọ́? Arsenal rà á ní 2019 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18. Ọdún 2022 ló tó gbá ìdíje líìgì àkọ́kọ́ fún wọn. Faransé ni wọ́n fi sí láàárín ìgbà náà, ó gbá fún Saint-Étienne, ó gbá fún Nice, ó gbá fún Marseille. Àwọn kan ń bú Arsenal nígbà yẹn pé wọ́n fi owó ṣòfò. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ náà ń gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́n.

Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò fún yín. Mi kì í wo bọ́ọ̀lù. Difẹ́ńdà kan ṣoṣo ni màá tẹjú mọ́ fún odidi ìdajì eré. Màá wo orí rẹ̀: ṣé ó ń bojú wẹ̀yìn nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́nà jíjìn? Ẹni tí kì í wẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń rí, sitiráíkà tó bá gbọ́n á kàn lọ dúró síbi tí ojú rẹ̀ ò dé ni. Lẹ́yìn náà, màá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ wá bá a, ṣé ó dúró kanrin pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ìlà kan, àbí ó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé ibi tí òun fẹ́ ni ẹni náà máa gbà? Èkejì yẹn ni difẹ́ńdà. Àkọ́kọ́, kó ga, kó lágbára, ọjọ́ tó bá pàdé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù, ìtìjú ni.

Màá tún wo ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣe àṣìṣe. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún bọ́ọ̀lù. Àwọn kan á lọ fi ìbínú gbá ẹni tó já wọn sílẹ̀. Èyí tó bá padà síbi tó yẹ kó dúró, tó ń béèrè bọ́ọ̀lù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ìyẹn.

Tó bá jẹ́ èmi, nọ́ńbà 2 àti nọ́ńbà 14 ni.

Ṣọlá_Bódìjà

Ẹ má bínú o, Kóòṣì. Ṣé ọjọ́ orí ilé lẹ kọ síbẹ̀ yẹn àbí ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù? Mo ní láti béèrè, torí pé tí ọdún tí wọ́n sọ kò bá jẹ́ òótọ́, gbogbo ohun tí a ń sọ nípa ọ̀la yìí ti dàrú. Ní 2023, ọmọ mọ́kànlélógún nínú ọgbọ̀n tí Cameroon kó jọ fún ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ni àyẹ̀wò MRI, tí wọ́n fi ń wo egungun ọwọ́ láti mọ ọjọ́ orí, lé padà sílé. Ẹni tó ti pé ọdún 21 tó ń borí àwọn ọmọ ọdún 16, kò sí ọ̀la kankan tó ń fi hàn yín níbẹ̀.

Kóòṣì_Apáta

Ìbéèrè gidi ni, ẹ ṣé. Mo mọ ilé nọ́ńbà 2, mo mọ ti nọ́ńbà 5, mo ti rí ìwé ìbí wọn àti ìwé tí wọ́n fi jáde ní pírámárì, ọdún inú wọn bára mu. Ọmọ ìjọ kan náà pẹ̀lú ìyàwó mi ni ìyá nọ́ńbà 14, ìgbà tó bí i kò ṣàjèjì sí wa. Ti nọ́ńbà 3 ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìwé méjì ni mo rí, ọdún inú wọn ò sì dọ́gba.

Fisió_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ara. Iṣẹ́ mi ni.

Àwọn ọmọkùnrin kì í dàgbà lọ́jọ́ kan náà. Àárín ọdún 13 sí 14 ni ọ̀pọ̀ máa ń ga sókè lójijì, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn á ti ṣẹlẹ̀ kó tó pé ọdún 12, ti ẹlòmíràn á sì dúró di ọdún 15 tàbí 16. Ẹ kó ọmọ ọdún 16 méjì jọ, ara ọ̀kan lè ti di ti géńdé, kí ti èkejì ṣì jẹ́ ti ọmọdé. Tí ẹ bá wá fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n bọ́ọ̀lù lẹ ń wò àbí ẹni tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbó.

Ìbéèrè mi nípa nọ́ńbà 5 nìyí: ìgbà wo ló ga? Tó bá jẹ́ pé láti ọmọ ọdún 13 ló ti tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé láti ìgbà náà ni kò ti nílò láti ronú. Ara rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù bá dé ibi tó wà, kò ní mọ ohun mìíràn ṣe àfi tí ẹnì kan bá kọ́ ọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, ó sì ṣeé tún ṣe. Bó ṣe ń pẹ́ kó tó yí padà yẹn náà, ẹ lọ wo ìbàdí rẹ̀ àti bó ṣe ń dúró kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń pè ní ọ̀lẹ ẹsẹ̀, ìdúró wọn ni kò dára. Yíyí padà ṣeé kọ́ ju eré sísá tààrà lọ.

Ti nọ́ńbà 2, ẹ wo bàbá àti ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ga. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá bàtà tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì gbà á. Tó bá ń sọ pé egungun abẹ́ orúnkún ń dun òun lẹ́yìn eré, ẹ dín fífò àti sísáré kù fún un, ẹ má sì sọ pé ó ń ṣàgálámàṣà. Ìrora yẹn wọ́pọ̀ lára ọmọ tó ń ga lọ́wọ́. Àwọn kóòṣì kan ti fi ẹ̀gàn lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù nígbà tó kù díẹ̀ kí ara rẹ̀ gbó.

Ọmọ_Adámásingbà

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Van Dijk kan ga lójijì. Àìmọye ọmọ kúkurú ọdún 16 ni kò ga mọ́ láéláé, a ò sì gbọ́ orúkọ wọn torí pé wọn ò di nǹkan kan. Ẹni tó yege nìkan lẹ ń kà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. Godfrey Oboabona, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó fi lọ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2013, ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Rizespor ní Tọ́kì. Nítorí pé ó lágbára tó láti bá àgbà gbá bọ́ọ̀lù nílé ni wọ́n ṣe rí i. Ẹni tí kò bá rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù, ta ló máa rí i? Nọ́ńbà 5 lè gbá fún àgbà lọ́la. Nọ́ńbà 2 á máa dúró de ọ̀run.

Bàbá_Òkè_Àdó

O sọ òótọ́ níbì kan, àbúrò mi. Ẹni tí kì í gbá bọ́ọ̀lù kì í gbọ́n. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá Oboabona gbá àárín ẹ̀yìn ní 2013 ńkọ́? Kenneth Omeruo. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ti gbá ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17 tó wáyé nílẹ̀ wa ní 2009, Chelsea ti mú un ní oṣù kìíní ọdún 2012. Gbogbo wa ló rò pé ó ti dé nìyẹn. Ó gbá ìdíje àgbáyé méjì fún Nàìjíríà, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní fojú di í. Síbẹ̀, títí tó fi lọ sí Leganés ní Spain ní 2019, kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Chelsea. Láti ẹgbẹ́ kan dé òmíràn ni wọ́n ń yá a kiri. Bí wọ́n ṣe tètè rí ọmọ kò sọ bó ṣe máa jìnnà tó.

Ti gíga, ìwọ̀n mítà 1.76 ni Fabio Cannavaro, difẹ́ńdà ọmọ Ítálì, ó sì gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ní 2006. Lisandro Martínez tí òun náà kò ga gba ife àgbáyé pẹ̀lú Argentina ní 2022. Mi ò sọ pé ọ̀nà wọn rọrùn. Àwọn tó bá kúrú gbọ́dọ̀ gbọ́n ju àwọn tó ga lọ ni, Kóòṣì sì ti sọ fún wa pé nọ́ńbà 2 gbọ́n.

Táyé_Mọ́níyà

Ráìtì báàkì ni mí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Mọ́níyà báyìí. Nọ́ńbà 3 àti nọ́ńbà 14 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó jọ pé ẹ ti gbàgbé wọn.

Fífa ẹni iwájú sẹ́yìn kì í ṣe àbùkù. Bright Osayi-Samuel, ẹ̀gbẹ́ iwájú ló ń gbá ní QPR nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fenerbahçe ti Tọ́kì ló sọ ọ́ di ráìtì báàkì, ipò yẹn ló sì gbé e dé Super Eagles. Calvin Bassey náà, lẹ́fútì báàkì ni nígbà tó dé Rangers ti Scotland ní 2020. Nígbà tí wọ́n máa fi gbá àṣekágbá Europa League ní 2022, àárín ẹ̀yìn ló wà, Ajax sì rà á lọ́dún náà. Ọmọ tó ti gbá iwájú rí mọ ohun tí sitiráíkà fẹ́ ṣe, òun náà ti ṣe é rí. Àṣìṣe tí Kóòṣì ní kò ń tún ṣe yẹn, ìyẹn ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà.

Ní ti nọ́ńbà 3, káàdì kì í ṣe nǹkan kan náà. Kóòṣì, ẹ lọ ronú padà sí àwọn káàdì yẹn. Ṣé ó ń gbẹ̀san ni, àbí ó ń pẹ́ dé ibi bọ́ọ̀lù? Ẹni tó ń gbẹ̀san, ọ̀rọ̀ ìwà ni, àgbà lè bá a sọ ọ́. Ẹni tó ń pẹ́ dé, ojú rẹ̀ ni kò tètè rí nǹkan, eré tó ń sá ló fi ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Tí eré yẹn bá dín kù lọ́dún mélòó kan sí i, kí ló kù?

Ìyá_Agbábọ́ọ̀lù_Òjé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ tèmi náà ń gbá ẹ̀yìn, ọmọ ọdún 16 ni, ìyẹn ni mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ńtì wá bá wa nílé, ó ní ọmọ náà ga, ó ní Tọ́kì ló ń lọ, ó sì gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ fún ìwé. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà kò fẹ́ lọ sí ilé ìwé mọ́, ọkàn rẹ̀ ti wọ bàálù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ọmọ ọdún 16 tiẹ̀ lè lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀?

Agbẹjọ́rò_Ring_Road

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Rárá o. Òfin FIFA kò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù, àfi nípa àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, irú bíi kí òbí ọmọ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba owó lọ́wọ́ yín lórí ọmọ ọdún 16 pé òun á mú un lọ Tọ́kì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Kí ọmọ padà sí kíláàsì. Ọdún méjì ṣì wà níwájú rẹ̀, kò pàdánù nǹkan kan.

Kóòṣì, ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti forúkọ àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ dáadáa lábẹ́ ẹgbẹ́ yín? Tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n máa ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà, kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ẹ sọ èyí fún alága yín. Ó lè yí ojú tó fi ń wo owó bọ́ọ̀tù padà.

Kóòṣì_Apáta

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo mú ìmọ̀ràn yín lọ sí pápá. A gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn géńdé kan ní Sátidé, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n wúwo. Mo gbé fèrè fún ẹlòmíràn kí n lè ráyè wò wọ́n.

Mo fi nọ́ńbà 5 àti nọ́ńbà 2 sí àárín ẹ̀yìn pọ̀. Mo tẹjú mọ́ nọ́ńbà 2 bí Bàbá ṣe wí. Ọmọ yẹn kì í sinmi ọrùn! Ó ń wo òsì, ó ń wo ẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ asọ́lé ti ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ní kọ́nà, ó rí i pé ọkùnrin gìrìwò kan ń rọra sún mọ́ òpó kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di nọ́ńbà 5 ní ìbàdí, ó tì í lọ sẹ́yìn, òun sì bọ́ síbi tí nọ́ńbà 5 wà tẹ́lẹ̀. Orí ọkùnrin yẹn gan-an ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà lọ. Nọ́ńbà 5 ló fi orí gbá a jáde. Gbogbo pápá pariwo nọ́ńbà 5. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó tì í.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí. Wọn ò rí bọ́ọ̀lù jù sẹ́yìn nọ́ńbà 5 bíi ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà 2 á ti kígbe "yí!" kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Nọ́ńbà 14 jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gíga kan ta lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fo orí rẹ̀ kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di gólì. Nígbà tí irú rẹ̀ tún dé, ó ti fà sẹ́yìn, ó fi àyà gbà á, ó sì gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà 3, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, ó dìde, kò sọ̀rọ̀. Inú mi dùn. Nígbà tó yá, ó pẹ́ dé, ó gbá ẹnì kan ṣubú nínú bọ́kìsì, pẹ́náritì. Táyé, mo wá ronú padà sí àwọn káàdì yẹn bí o ṣe wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pípẹ́ dé ni.

Ọmọ_Adámásingbà

Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn jáde? Nọ́ńbà 5 náà ni! Tí nọ́ńbà 2 bá jẹ́ ọpọlọ, tí kò bá sí ẹni tó ga níbẹ̀, gólì ni. Ẹ má lé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ nítorí ọmọ tó ń júwe iṣẹ́. Mi ò tíì gbà.

Fisió_Mọ́kọ́lá

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé e lọ sígboro, àbúrò. Ọmọ ọdún 17 tó lè bá géńdé fò sókè, ó yẹ kó wà níbi tí géńdé wà. Àwọn ọmọdé tí ọmọ náà ń borí ní Apáta kò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́.

Táyé_Mọ́níyà

Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà 3 wá sọ́dọ̀ mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ báàkì láti tètè gbéra. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé méjì yẹn, kí ẹ yanjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ kó tó wá. Mi ò ní forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí ọjọ́ orí tí kò dá mi lójú.

Kóòṣì_Apáta

A gbọ́, Táyé. Màá rí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Ó ti gba nọ́ńbà 2. Ó tún ní kí Agbẹjọ́rò wá bá wa wo ìwé ẹgbẹ́, ẹ ṣé, Sà. Fún nọ́ńbà 5, mo ti pe ẹnì kan tó ń kọ́ ẹgbẹ́ àgbà, ó ní kó wá fojú hàn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá máa fún un ní ààyè láti gbá, màá fi tayọ̀tayọ̀ jẹ́ kó lọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ńṣì ni wọ́n fẹ́ fi sí, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà, kódà tí mo bá ní láti ra bọ́ọ̀tù rẹ̀ fúnra mi.

Nọ́ńbà 14 ló kù. Alága ní àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni òun ń rí. Ó ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ní fídíò tí màá fi hàn án, kó rí ohun tí ọmọ náà ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ta ló ní fóònù tó dára tó lè dúró ti ọmọ kan ṣoṣo látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ọmọ_Adámásingbà

Mo ní, mo sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Ṣùgbọ́n màá ya nọ́ńbà 5 náà o. Aago mélòó?

Kóòṣì_Apáta

Aago mẹ́rin. Ya àwọn méjèèjì.